Ọjọ́ kan gbáko lórí omi láti Àjàṣẹ́: ibo la ti lè lúwẹ̀ẹ́, ìgbà wo ni ká ṣí ọtí?

Àdùkẹ́ ará Kétu

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Faransé ń bọ̀ wálé nínú oṣù Kejìlá, òun, ọkọ rẹ̀ àti ọmọ wọn méjì tí wọ́n ti ń bàlágà. Lọ́dún tó kọjá wọ́n lọ sinmi ní Gíríìsì. Ọkọ̀ ojú omi kan gbé wọn láàárọ̀, ó ń já wọn sí erékùṣù kan tẹ̀ lé òmíràn, wọ́n ń bẹ́ sómi, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu, ìgbà tí oòrùn wọ̀ ni wọ́n tó padà. Ó ti sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi tó ìgbà mẹ́wàá lórí fóònù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló wá ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé a ò wá lè ṣe irú ẹ̀ nílé ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Omi pọ̀ nílẹ̀ wa. Àmọ́ orí ilẹ̀ pupa Kétu ni wọ́n bí mi sí, kànga jíjìn ni mo mọ̀, n kò wọ ọkọ̀ ojú omi ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ láyé mi. Ilé ọkọ mi wà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀), ibẹ̀ la máa sùn. Èèyàn mọ́kànlá ni wá. Ìyá ọkọ mi tó ti lé ní àádọ́rin ọdún wà níbẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, níbo la ti lè wọkọ̀, ibo la lè dé kí ilẹ̀ tó ṣú, ibo ló dáa láti lúwẹ̀ẹ́? Ọkọ mi ti ra páálí bíà méjì àti gálọ́ọ̀nù sódábì (ògógóró) kan sílẹ̀.

Ọmọ Etí Ọ̀sà (Àjàṣẹ́)

Ẹ káàbọ̀, Ìyá Kétu. Ìbéèrè yín dùn mọ́ mi. Ojoojúmọ́ làwọn èèyàn wa ń gba orí afárá Àjàṣẹ́ kọjá lọ sí Kútọnu láìbojú wo omi tó wà lábẹ́ wọn.

Bí omi náà ṣe tò nìyí. Ọ̀sà Àjàṣẹ́ wà lápá ìlà-oòrùn, adágún Nokoué wà lápá ìwọ̀-oòrùn, ojú omi tóóró kan tí wọ́n ń pè ní Totchè ló so àwọn méjèèjì pọ̀. Odò Ouémé ń ti àríwá bọ̀, ó ń tú sínú wọn. Tí ẹ bá wọkọ̀ létí omi Àjàṣẹ́, ẹ lè gòkè lọ sí Aguégués, àwọn abúlé tí ilé wọn dúró lórí òpó igi. Ọ̀nà yìí ni mo fẹ́ràn jù. Ọkọ̀ á máa gba àárín koríko, ẹ óò rí àwọn ìyá tó ń ti ọjà bọ̀, tí wọ́n to ẹrù sínú ọkọ̀ wọn títí omi fi kù díẹ̀ kó bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọdé á sì máa tukọ̀ lọ síléèwé bí ọmọ tiwa ṣe ń fẹsẹ̀ rìn.

Ọ̀nà kejì ni ti Ganvié. Àwọn Tofinu ló tẹ̀ ẹ́ dó sórí Nokoué nígbà tí wọ́n ń sá fún àwọn tó ń kó ènìyàn lẹ́rú, torí wọ́n ní èèwọ̀ àwọn ọmọ ogun Dahomey ni láti jà lórí omi. Títí dòní, ọkọ̀ ni wọ́n fi ń ná ọjà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Nokoué gùn tó nǹkan bí kìlómítà 20 láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń lọ wọkọ̀ ní Abomey-Calavi, tó sún mọ́ Ganvié dáadáa. Ẹ má pa méjèèjì pọ̀ lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ìyá àgbà. Tó bá di ọ̀sán, atẹ́gùn òkun máa ń dé, ìgbì adágún náà á sì gbéra. Kò ní da ọkọ̀ tó dáa nù, ṣùgbọ́n á lu ìyá lẹ́yìn, á sì rẹ gbogbo yín gbindin.

Ní ti lílúwẹ̀ẹ́, ẹ má bínú sí mi, n kò lè ní kí ẹ bẹ́ sínú omi yẹn. Nokoué ò jìn, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ibi tó pọ̀ nínú rẹ̀ kò kọjá ìbàdí tàbí àyà. Àwọn apẹja sì ti ri ẹ̀ka igi mọ́lẹ̀ káàkiri inú rẹ̀. Àkájà là ń pè é: wọ́n máa gbin ẹ̀ka sí ìsàlẹ̀ omi kí ẹja lè fi ṣe ilé, lẹ́yìn oṣù díẹ̀ wọ́n á fi àwọ̀n yí i ká, wọ́n á kó ẹja inú rẹ̀. Èyí tó yọrí síta, ẹ óò rí i. Èyí tó ti kán sábẹ́ omi, ẹ ò lè rí i. Bẹ́ẹ̀ oko olóko ni.

Bàbá Ìbejì

Ọmọ Etí Ọ̀sà, o ti dẹ́rù ba obìnrin yìí jù. Aguégués ni wọ́n ti bí ìyá mi. Gbogbo ìsinmi iléèwé, inú omi yẹn là ń wà láti àárọ̀ títí ọwọ́ wa fi máa hun. Kò sẹ́ni tó wọ jílẹ́ẹ̀ kankan (ẹ̀wù tó ń gbé èèyàn léfòó lórí omi) fún wa, kò sì sí ohun tó ṣe wá. Tí ọmọ Faransé bá wálé tí kò fara kan omi ilẹ̀ baba rẹ̀, kí ló wá wá?

Nọ́ọ̀sì Sábẹ

Ẹ kú ọ̀rọ̀, Bàbá Ìbejì. Mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bá ìyá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn.

Omi tí ẹ ń wò ní Àjàṣẹ́, ọ̀dọ̀ wa ló gbà kọjá. Odò Ouémé wà lápá ìwọ̀-oòrùn Sábẹ, Ọ̀pàrà wà lápá ìlà-oòrùn wa, nísàlẹ̀ ìlú wa ni wọ́n ti pàdé. Tí òjò àríwá bá kún un nínú oṣù Kẹjọ, àwa la máa kọ́kọ́ rí i: á pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, á máa gbé ìtì igi lọ. Tó bá fi máa di oṣù Kẹsàn-án sí Kẹwàá, ó ti dé ọ̀dọ̀ yín, ó ti bo oko àwọn ará Aguégués mọ́lẹ̀. Nínú oṣù Kejìlá ó ti ń fà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n omi dídùn ṣì ni, kò tíì níyọ̀.

Inú irú omi bẹ́ẹ̀, létí koríko, tó rọra ń ṣàn tàbí tó dúró, ni àwọn ìgbín kéékèèké kan ń gbé. Kòkòrò kan ń ti ara ìgbín náà jáde, ó ń gba awọ ara wọlé láìjẹ́ kéèyàn mọ̀. Òun ló ń fa àtọ̀sí ajá, tí ọmọ á fi máa tọ ẹ̀jẹ̀. Oògùn rẹ̀ wà, praziquantel ló ń jẹ́, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n tí ọmọ bá ti padà sí Faransé, dókítà ibẹ̀ lè má ronú kàn án fún oṣù mélòó kan. Bàbá Ìbejì, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó dàgbà létí odò ló ti ṣe àìsàn yìí nígbà èwe wọn tí wọn ò sì mọ orúkọ rẹ̀.

Nǹkan mìíràn tún wà: ní àwọn abúlé orí omi, inú omi kan náà ni ilé ìgbẹ́ ń tú sí. Mi ò fi bú ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ló ń jìyà rẹ̀ jù.

Ìgbín yẹn ò fẹ́ràn iyọ̀. Nítorí náà, ibi tí odò ti pàdé òkun ni kí ẹ wá omi ìlúwẹ̀ẹ́ yín sí.

Bàbá Ìbejì

Mo gbọ́, ọmọ mi. Ó ṣe mí rí lóòótọ́, mo wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Wọ́n ní oòrùn ló pa mí.

Ìyá Rúùtù (Àjàṣẹ́)

Ẹ gbé wọn lọ sí Grand-Popo o! Ibi tí àbúrò yín ń wá nìyẹn. Odò Mono ni, kì í ṣe Ouémé. Ibi tó ti ń wọ òkun ni wọ́n ń pè ní Bouche du Roy. Ní 2017, UNESCO fi agbègbè náà, tiwa àti ti Tógò, sára àwọn ibi tí wọ́n ń dáàbò bò.

Ẹ óò wọkọ̀ ní etí odò láàárọ̀. Erékùṣù pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́, kéékèèké. Ọ̀kan jẹ́ ti àwọn ẹyẹ, a kì í gúnlẹ̀ síbẹ̀, a kàn máa ń pa ẹ́ńjìnnì kí a lè gbọ́ wọn. Ẹ óò gba àárín ẹ̀gbà kọjá, igi tí gbòǹgbò rẹ̀ dìde sókè omi bí ẹsẹ̀ alákàn. Ẹ óò dé abúlé tí àwọn obìnrin ti ń se iyọ̀. Ẹ má sáré kọjá níbẹ̀. Wọ́n á ha ilẹ̀ oníyọ̀ jọ, wọ́n á dà á sínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n á da omi sí i lórí kó máa kán sísàlẹ̀, omi tó bá kán yẹn ni wọ́n máa gbé kaná títí á fi gbẹ di iyọ̀ funfun. Iṣẹ́ ńlá ni, èéfín rẹ̀ sì ń pa ojú. Ẹ ra iyọ̀ lọ́wọ́ wọn.

Ìgbẹ̀yìn ni etí iyanrìn tó wà láàárín odò àti òkun. Tí ẹ bá dúró lórí rẹ̀, òkun ń bú lápá kan, odò dákẹ́ lápá kejì. APÁ ODÒ ni kí ẹ ti lúwẹ̀ẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ òkun, ì báà jẹ́ akọ bíi Ògún. Omi tó ń padà sẹ́yìn níbẹ̀ ń fa ènìyàn lọ. Tí ó bá mú ẹnì kan, kó má bá a jìjàkadì, kó má kọjú sí etíkun gan-an, kó máa lúwẹ̀ẹ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́, ní ọwọ́ kan náà pẹ̀lú etíkun, títí omi á fi fi í sílẹ̀. Bákan náà, ẹ má sún mọ́ ojú ibi tí odò ti ń já sókun gan-an. Ẹnu odò yẹn kì í dúró sójú kan, iyanrìn ń sún un káàkiri, torí náà atukọ̀ tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀ nìkan ló mọ ibi tó wà lọ́dún yìí.

Àdùkẹ́ ará Kétu

Ẹ ṣé, ẹ ṣé gan-an. Mo ti ka ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì sí ọkọ mi létí lẹ́ẹ̀mejì. A ti fẹnu kò sí Grand-Popo, a óò fi Aguégués ṣe ìdajì ọjọ́ kan ṣáájú, láìwọ omi. Ó ku ọ̀rọ̀ ọtí. Ọkọ mi ní inú ọkọ̀ ló ti dùn jù ú mu, pé bí wọ́n ṣe ṣe é ní Gíríìsì nìyẹn. Kí lẹ rí sí i?

Táyé Àjàṣẹ́

Mi ò kì í sábà kọ̀wé síbí, ṣùgbọ́n èyí ò lè kọjá mi.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, lọ́jọ́ Ajé ọdún Àjíǹde, a jẹ́ mẹ́sàn-án nínú ọkọ̀ kan lórí Nokoué. Ẹni tó gbà wá lọ́kọ̀ kò fún wa ní jílẹ́ẹ̀, àwa náà kò béèrè. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi wà pẹ̀lú wa, ó mọ odò wẹ̀ ju gbogbo wa lọ. Ó ti mu sódábì tó ife mẹ́ta lórí oòrùn, kò tíì jẹun. Ó bọ́ ẹ̀wù, ó rẹ́rìn-ín, ó forí bẹ́ sómi.

Kò pariwo. Ohun tí mi ò lè gbàgbé nìyẹn. Mo rò pé ènìyàn tó bá ń rì á ké, á máa na ọwọ́. A kàn rí sálúbàtà rẹ̀ kan tó léfòó, a sì ń rẹ́rìn-ín, a rò pé ó mòòkùn ni, pé á yọ lápá ibòmíràn. Atukọ̀ ló kọ́kọ́ dákẹ́. Ó ki ọ̀pá bọmi, ó ń fi wá a bí ẹni ń wá garawa nínú kànga, ó kàn án, ó bẹ́ wọlé, omi ò kọjá àyà rẹ̀! Ìbátan mi wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀ka àkájà ti ya á lábẹ́ apá, iwájú orí rẹ̀ ti kan ilẹ̀. Ọlọ́run bá wa ṣe é, ó yè. Wọ́n rán abẹ́ apá náà, oṣù mélòó kan ni kò fi lè gbé apá òsì rẹ̀ sókè. Kò tíì wọ omi mọ́ láti ìgbà náà.

Ẹ bá mi sọ fún bàbá ilé pé mo bẹ̀ ẹ́. Ẹni tí omi ò gbọ́dọ̀ kàn ni kí ọtí kàn.

Akin ọmọ Sábẹ

Ẹ pẹ̀lẹ́, Táyé. Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ìbátan yín. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi: àbúrò dé láti òkè òkun, kí a má ṣí ìgò kan? Kò bójú mu lójú àwọn àgbà. Ọ̀nà kan gbọ́dọ̀ wà.

Ọmọ Etí Ọ̀sà (Àjàṣẹ́)

Ọ̀nà wà, Akin. Bí ìdílé tèmi ṣe ń ṣe é nìyí. Omi ìwẹ̀ ni àárọ̀, ọtí ni ìrọ̀lẹ́. Àpótí yìnyín méjì ni a ń gbé. Omi mímu, ọsàn àti bísápù tútù wà nínú èyí tó ṣí sílẹ̀. Ọtí wà nínú èkejì, a máa fi okùn dè é, kọ́kọ́rọ́ ọ̀rọ̀ náà sì wà lọ́wọ́ ẹnì kan tí kì í mutí. Lọ́dọ̀ wa, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni, kò sì sẹ́ni tó lè fi ẹnu dídùn gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ẹni ìkẹyìn bá ti jáde nínú omi, tó ti nura, tó ti jẹun, tí ọkọ̀ sì ti gbé gbogbo wa gúnlẹ̀ sí èbúté, ìgbà yẹn la tó tú okùn. Lábẹ́ igi àgbọn, lórí ilẹ̀. Ẹja yíyan, ata, àkàsà, bíà tútù: mi ò rò pé ẹnikẹ́ni ní Gíríìsì jẹ̀gbádùn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹnì kan wà tí a máa ń gbàgbé: atukọ̀. Àṣà wa ni pé a kì í mu lójú ẹni kí a má fún un, nítorí náà àwọn èèyàn á máa bu sódábì fún un, ojú á sì tì í láti kọ̀. Ẹ má fún un. Ẹ di tirẹ̀ sínú ìgò kékeré, ẹ gbé e fún un nígbà tó bá ti so ọkọ̀ mọ́lẹ̀.

Kí ẹsẹ̀ yín tó wọ ọkọ̀, ẹ ti parí ọ̀rọ̀ owó: ṣé iye orí ni àbí gbogbo ọkọ̀, wákàtí mélòó, ta ló máa ra epo. Ẹ ka jílẹ́ẹ̀ lójú ara yín, kó pé mọ́kànlá. Tí wọ́n bá ní "ó wà nílé, a máa mú un wá", ẹ jókòó dè é.

Ìyá Rúùtù (Àjàṣẹ́)

Mo fara mọ́ ọn. Mo tún fẹ́ rán àwọn ọmọ Faransé yẹn létí nípa fóònù wọn. Ní Aguégués àti ní Ganvié, ọ̀pọ̀ àwọn ìyá ni kò fẹ́ kí a ya àwòrán wọn. Ẹ óò rí i tí wọ́n á fi fìlà etí gbòòrò bo ojú. Inú yàrá wọn la wọ̀ yẹn, ibi tí wọ́n ti ń wẹ ọmọ, tí wọ́n ti ń dáná. Ẹ kí wọn, ẹ rajà lọ́wọ́ wọn, ẹ béèrè. Tí ó bá kọ̀, ẹ dá fóònù padà sápò.

Àdùkẹ́ ará Kétu

Ẹ kú ọdún tuntun, ẹ̀yin ará mi. Mo ṣèlérí pé màá padà wá jíṣẹ́.

A lọ, a bọ̀, gbogbo wa mọ́kọ̀ọ̀kànlá. Ní Aguégués, omi ti lọ sílẹ̀ débi pé a rí ilà tó fi sára òpó ilé wọn, ó ga ju orí ọkọ mi lọ. Ọmọ àbúrò mi ọkùnrin fi ọwọ́ kan ilà náà, ó béèrè pé ibo làwọn èèyàn sá sí. Atukọ̀ ní wọn ò sá síbi kankan, wọ́n gbé ibùsùn sókè ni. Ọmọ náà ò sọ̀rọ̀ mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Ewé gbéborùn, ewé tó ń léfòó lójú omi, dí ọ̀nà wa níbì kan, wọ́n fi ọ̀pá tì í tì í kí a tó kọjá.

A sùn sí Grand-Popo, a wọkọ̀ láàárọ̀ kùtù, ọyẹ́ ṣì bo odò. Jílẹ́ẹ̀ mẹ́jọ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wá. A jókòó sétí omi, a ò wọkọ̀, títí mẹ́ta tó kù fi dé. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló ní kí a jókòó.

Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín jù ni ti ìyá ọkọ mi. Nígbà tí a dé etí iyanrìn, gbogbo ọmọ ti bọ́ sódò, ìyá jókòó sórí ẹní, ó ní òun ò ní bá ọmọdé ṣeré. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ mo bojú wẹ̀yìn, n kò rí i. Àyà mi já. Àṣé ó ti dìde, ó ti so ìró mọ́ àyà, ó sì ti lọ jókòó sínú omi létí ibi tí kò ju orúnkún lọ, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ bu omi sí èjìká. Mo jókòó tì í. Ó tọ́ omi náà wò, ó ní: "Odò ló rí yìí, òkun ló wà lẹ́nu ẹ̀." A wà níbẹ̀ títí wọ́n fi pè wá fún oúnjẹ.

A ò tú okùn àpótí kejì títí a fi gúnlẹ̀. Ọkọ àbúrò mi tó jẹ́ ará Faransé fi ife àkọ́kọ́ fún ìyá.

Nọ́ọ̀sì Sábẹ

Inú mi dùn dé ilẹ̀! Ọmọ ọdún mẹ́rin ńkọ́, ṣé wọ́n rí jílẹ́ẹ̀ tó bá a mu?

Àdùkẹ́ ará Kétu

Tó kéré jù nínú wọn ṣì ń gùn ún dé etí. Tí a bá dì í mú léjìká jílẹ́ẹ̀ náà, ọmọ ń yọ bọ́ nísàlẹ̀. Atukọ̀ fi okùn kan gba àárín itan rẹ̀ kọjá láti iwájú sí ẹ̀yìn, ó so ó mọ́ jílẹ́ẹ̀, kò yọ mọ́. Síbẹ̀, ọwọ́ mi ò kúrò lára rẹ̀. Tó bá di ọdún Àjíǹde, a óò ra tirẹ̀ dání láti Kútọnu.